Àkọsílẹ̀ Ẹ̀kọ́: Bí Àjálù Ṣe Ń Gorí Àjálù, àti Àìsàn Ìpayà Tí Ó Ń Fà

Iṣẹ́: Ẹ̀kọ́ Ìlera
Kíláàsì: SS 3
Àkókò: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ méjì, ogójì ìṣẹ́jú fún ọ̀kọ̀ọ̀kan
Orí-ọ̀rọ̀: Àjálù tí ènìyàn ń bá pàdé láti kékeré títí dàgbà, àti àìsàn ìpayà ẹ̀yìn àjálù, èyí tí àwọn dókítà ń kọ ní PTSD
Ohun èlò ìkọ́ni: Pátákó àti ṣọ́ọ̀kì, máàpù Áfíríkà, okùn gígùn kan, òkúta kéékèèké àti ńláńlá, òdòdó díẹ̀

Àkíyèsí fún olùkọ́

Ó ṣọ̀wọ́n kí kíláàsì kan wà tí a kò ní rí ọmọ tí ojú rẹ̀ ti rí ohun tó ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ. Nítorí náà, má ṣe ní kí ọmọ kankan dìde kó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i. Gbogbo àpẹẹrẹ tí a ó lò, ti ẹlòmíràn ni. Sọ fún wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ pé ẹni tí ọ̀rọ̀ náà bá wọ̀ lára lè jáde lọ gba atẹ́gùn láìtọrọ àyè. Kí olùdámọ̀ràn ilé-ìwé mọ ọjọ́ tí ẹ̀kọ́ yìí yóò wáyé, kó lè wà nítòsí.

Ète ẹ̀kọ́

Ní òpin ẹ̀kọ́ yìí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè:
1. sọ ohun tí àwọn oníṣègùn ń kà sí àjálù àti ohun tí wọn kì í kà sí i;
2. dárúkọ ọ̀wọ́ àmì mẹ́rin tí a fi ń dá àìsàn náà mọ̀;
3. lo ohun tí wọ́n rí ní Uganda láti ṣàlàyé bí ewu ṣe ń pọ̀ sí i bí àjálù bá ṣe ń gorí ara wọn;
4. sọ ìdí tí ọ̀pọ̀ ẹni tó rí àjálù kì í fi í ní àìsàn náà;
5. sọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe fún ẹni tí àjálù bá, àti ohun tí kò yẹ.

Ìmọ̀ àtẹ̀yìnwá

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti kọ́ nípa ọpọlọ àti iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n sì ti gbọ́ nípa ẹni tó ní jàǹbá ọkọ̀ tí kò fẹ́ wọ mọ́tò mọ́.

## ÌDÁNILẸ́KỌ̀Ọ́ KÌÍNÍ

Ìfáárà

Olùkọ́ kọ òwe yìí sí pátákó: *Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.* Ó ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣàlàyé rẹ̀. Lẹ́yìn ìdáhùn wọn, ó bi wọ́n ní ìbéèrè mìíràn: ẹnì kan wà tí ejò bù jẹ lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹlòmíràn wà tí ejò bù jẹ, tí ilé jó mọ́ lórí, tí ogun sì lé kúrò nílùú. Ṣé bákan náà ni àwọn méjèèjì yóò ṣe sá fún ekòló? Ìbéèrè yìí ni a fẹ́ dáhùn nínú ẹ̀kọ́ òní.

Ìgbésẹ̀ 1: Ohun tí à ń pè ní àjálù

Ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọpọlọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní ìwé kan tí wọ́n fi ń dá àìsàn ọkàn mọ̀. DSM-5 ni wọ́n ń pe ẹ̀dà tó jáde ní 2013. Ohun tí ìwé náà kà sí àjálù ni ikú tàbí ohun tó fi ikú halẹ̀ mọ́ni, ìpalára ńlá, àti ìfipábánilòpọ̀ pẹ̀lú irú ìwà ipá bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà mẹ́rin ló lè gbà kan ènìyàn:

a. kó ṣẹlẹ̀ sí òun fúnra rẹ̀;
b. kó ṣojú rẹ̀;
d. kí wọ́n wá ròyìn fún un pé jàǹbá tàbí ìwà ipá bá ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́;
e. kí iṣẹ́ rẹ̀ máa gbé e kò ó léraléra, bíi ti panápaná àti ti àwọn tó ń kó òkú lójú ibi tí ọkọ̀ ti dànù.

Bí ènìyàn bá fìdí rẹmi nínú ìdánwò WAEC, tí àfẹ́sọ́nà kọ̀ ọ́, tàbí tí gbèsè wọ̀ ọ́ lọ́rùn, ó dùn ún, ó sì lè fa ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Síbẹ̀, wọn kò sí lára ohun tí ìwé náà ń pè ní àjálù.

Ìgbésẹ̀ 2: Ọ̀wọ́ àmì mẹ́rin

*Ìrántí tó ń já wọlé láìpè.* Ẹni náà ń lá àlá burúkú, tàbí kí ohun tó ti kọjá padà wá sí ojú rẹ̀ bí ẹni pé ó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́. Fún ẹni tó yọ nínú iná, òórùn bẹntiróòlù lásán lè mú kí àyà rẹ̀ já.

*Yíyẹra.* Kì í gba ojú ọ̀nà yẹn mọ́. Bí wọ́n bá dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, á dìde kúrò níbẹ̀.

*Èrò àti ìṣesí tó yí padà.* Ó ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi lórí ohun tí kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Kò fọkàn tán ẹnikẹ́ni mọ́. Ohun tó máa ń múnú rẹ̀ dùn tẹ́lẹ̀ kò dá a lára yá mọ́.

*Ara tí kò balẹ̀.* Ó ń ta gìrì sí gbogbo ariwo, oorun kò kùn ún, ìbínú rẹ̀ kò jìnnà, ojú rẹ̀ kì í sì í kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

Olùkọ́ gbọ́dọ̀ tẹnu mọ́ ohun méjì. Àkọ́kọ́ ni pé àwọn àmì náà gbọ́dọ̀ ti ju oṣù kan lọ kí dókítà tó pè é ní PTSD. Ẹni tí kò rí oorun sùn ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn jàǹbá kò tíì ní àìsàn yìí. Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá rí bẹ́ẹ̀, ara wọn á balẹ̀ fúnra rẹ̀. Èkejì ni pé ó gbọ́dọ̀ ti ń dí ẹni náà lọ́wọ́ níbi iṣẹ́, ní ilé-ìwé tàbí nínú ilé.

Ìgbésẹ̀ 3: Bí àìsàn náà ṣe dé inú ìwé

Ní 1915, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, Charles Myers tó jẹ́ dókítà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kọ̀wé nípa àwọn sójà tí kò ní ọgbẹ́ lára ṣùgbọ́n tí wọn kò ríran dáadáa, tí ìrántí wọn sì ti dàrú lẹ́yìn tí àdó bú gbàù nítòsí wọn. Àwọn kan ní ìró àdó ló mi ọpọlọ wọn. Àwọn ọ̀gágun mìíràn ní ojo ni wọ́n. Nínú ogun náà, wọ́n yìnbọn pa sójà tó lé ní 300 lábẹ́ àsíá Gẹ̀ẹ́sì nítorí pé wọ́n sá tàbí pé wọ́n ṣojo. Ó di 2006 kí ìjọba ilẹ̀ náà tó foríjì wọ́n lẹ́yìn ikú wọn.

Lẹ́yìn ogun Vietnam, àwọn sójà Amẹ́ríkà tó padà sílé àti àwọn dókítà tó ń tọ́jú wọn kò gbà kí ọ̀rọ̀ náà kú. Ní 1980, PTSD wọ inú DSM fún ìgbà àkọ́kọ́. Nígbà náà, wọ́n kọ ọ́ pé àjálù jẹ́ ohun tó kọjá ohun tí ojú ènìyàn sábà máa ń rí. Wọ́n rò pé díẹ̀ nínú ènìyàn ni irú rẹ̀ ń bá. Ìwádìí tó tẹ̀ lé e ló fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 4: Mélòó ni àjálù ń bá?

Ní ìlú Detroit àti agbègbè rẹ̀, Naomi Breslau àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ fi ọ̀rọ̀ wá ènìyàn 2,181 lẹ́nu wò, gbogbo wọn láàárín ọmọ ọdún 18 sí 45. Èsì rẹ̀ jáde ní 1998. Nǹkan bí 90 nínú 100 wọn ló ti rí àjálù kan ó kéré tán. Ikú òjijì ẹni tí wọ́n fẹ́ràn wà lára ohun tó wọ́pọ̀ jù lọ.

Àjọ Ìlera Àgbáyé náà ṣe irú ìwádìí yìí ní orílẹ̀-èdè púpọ̀. Nínú àgbàlagbà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 69,000 ní orílẹ̀-èdè 24, 70 nínú 100 ló ti rí àjálù rí. Nǹkan bí 30 nínú 100 ló ti rí mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀, ẹni tó ní PTSD ní ìgbà kan láyé rẹ̀ kò tó 4 nínú 100. Bí a bá ka àwọn tó ti rí àjálù nìkan, wọ́n jẹ́ nǹkan bí 6 nínú 100.

*Àkọlé sí pátákó:*
Ó ti rí àjálù: 70 nínú 100
Ó ti ní PTSD rí: kò tó 4 nínú 100

Olùkọ́ bi kíláàsì: bí ọ̀pọ̀ bá ń rí àjálù, tó sì jẹ́ pé díẹ̀ ló ń ṣàìsàn, kí ló ya àwọn díẹ̀ náà sọ́tọ̀? Ó jẹ́ kí wọ́n jiyàn díẹ̀, ó sì kọ àbá wọn sí ẹ̀gbẹ́ kan pátákó. Kí wọ́n má ṣe nù ún nù títí di ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kejì.

## ÌDÁNILẸ́KỌ̀Ọ́ KEJÌ

Ìgbésẹ̀ 5: Ohun tí wọ́n rí ní West Nile

Olùkọ́ fi ìka han West Nile lórí máàpù: àríwá-ìwọ̀-oòrùn Uganda, níbi tó ti bá Sudan ìgbà náà àti Kóńgò pààlà. Ogun jà ní gúúsù Sudan láti 1983 títí di 2005. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn fẹsẹ̀ rìn wọ Uganda, wọ́n sì tẹ̀dó sí àwọn ibùdó bíi Imvepi. Àwọn ọmọ Uganda tó gbà wọ́n lálejò náà ti mọ ogun àti ìsáǹsá tẹ́lẹ̀.

Frank Neuner, Maggie Schauer, Thomas Elbert àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn láti Yunifásítì Konstanz ní Jámánì fi ọ̀rọ̀ wá ènìyàn tó lé ní 3,000 lẹ́nu wò níbẹ̀. Wọ́n ka oríṣiríṣi àjálù sí ẹnì kọ̀ọ̀kan létí, irú bíi lílù, ìjínigbé, ìfipábánilòpọ̀ àti pípa ènìyàn níṣojú ẹni, kí ó sọ èyí tó ti bá a pàdé. Irú àjálù ni wọ́n kà, wọn kò ka iye ìgbà. Ẹni tí wọ́n lù ní ọdún mẹ́ta gbáko kò lè sọ iye ìgbà tí wọ́n lù ú, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé wọ́n lu òun. Ní 2004, wọ́n gbé èsì jáde.

*Àkọlé sí pátákó:*
Irú àjálù 3 tàbí tí kò tó bẹ́ẹ̀: 23 nínú 100 ló ní PTSD
Irú àjálù 28 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ: 100 nínú 100 ló ní PTSD

Ẹ jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wo ìlà kejì dáadáa. Nínú àwọn tó rí irú àjálù 28, wọn kò rí ẹyọ ẹnì kan tó bọ́. Ó dájú pé àwọn onígboyà wà lára wọn, àwọn olùfọkànsìn wà, àwọn tó ti ilé ire wá náà wà. Àyà líle ń ran ènìyàn lọ́wọ́ dé ibì kan. Bí àjálù bá ti kọjá ibẹ̀, kò sí ẹni tí kò lè dá dùbúlẹ̀. Ìdí nìyí tí kò fi tọ́ láti pe aláìsàn yìí ní ojo.

Ní ibùdó Nakivale ní gúúsù Uganda, wọ́n tún yẹ àwọn 444 wò lára àwọn tó sá fún ìpakúpa Rwanda ti 1994. Ìbéèrè ibẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀: nínú àwọn tó ti ní PTSD, ta ni ara rẹ̀ yá láìsí ìtọ́jú? Bí irú àjálù tí ẹnì kan rí bá ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni ìrètí pé yóò gbádùn fúnra rẹ̀ ṣe kéré tó. Òkìtì àjálù ń mú àìsàn wá, ó sì ń dènà ìwòsàn.

Ìgbésẹ̀ 6: Ìdí tí àwọn àjálù fi ń so pọ̀

Ìrántí ohun tí kò bani lẹ́rù máa ń ní ọjọ́ àti ibi. Ẹni tó ṣègbéyàwó ní Ìbàdàn mọ ọdún tó ṣe é, ó mọ gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ṣe é, ó sì mọ ohun tó tẹ̀ lé e. Ìrántí àjálù yàtọ̀. Bí ewu bá dé, ẹ̀yà kékeré kan nínú ọpọlọ tó ń jẹ́ amygdala á figbe ta, ọkàn á máa lù kìkì, ara á múra láti sá tàbí láti jà. Ìpayà tó pọ̀ jù ń dí ẹ̀yà mìíràn lọ́wọ́, ìyẹn hippocampus, tó jẹ́ pé òun ló ń fi ọjọ́ àti ibi sára ìrántí. Ohun tó kù ni ariwo, òórùn, ìbẹ̀rù àti ìlùkìkì ọkàn tí kò ní ọjọ́.

Elbert àti Schauer ṣàlàyé ohun tó tẹ̀ lé e báyìí. Bí àjálù kejì bá dé, òun náà ní ìlùkìkì ọkàn àti àìrólùgbàlà nínú. Nítorí pé ara gbọ́ ohun kan náà nínú méjèèjì, wọ́n so mọ́ ara wọn. Ẹ̀kẹta á so mọ́ àwọn méjèèjì. Bó bá pẹ́, ẹni náà kò lè sọ èyí tó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ mọ́, ohun kékeré kan sì lè jí gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Obìnrin kan lè sáré kí ọkọ̀ má bàa fi í sílẹ̀, kí ọkàn rẹ̀ máa lù, kí ìbẹ̀rù ogun ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn sì bò ó láìmọ ibi tó ti wá.

Ìgbésẹ̀ 7: Iye nìkan kọ́

Olùkọ́ padà sí àbá tí kíláàsì kọ sí pátákó, ó sì fi ìwọ̀nyí kún un.

*Irú àjálù.* Ohun tí ènìyàn mọ̀ọ́mọ̀ ṣe síni máa ń wọni lára ju jàǹbá lọ. Ìfipábánilòpọ̀ wà lára èyí tó ń fa PTSD jù lọ.

*Ìgbà èwe.* Ní 1998, Vincent Felitti àti Robert Anda tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe ní San Diego. Wọ́n bi àgbàlagbà tó lé ní 9,000 léèrè nípa ìyà tí wọ́n jẹ nígbà èwe nínú ilé. Àwọn tí irú ìyà mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá ní ewu ọtí àmujù, oògùn olóró, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti ìgbìyànjú láti pa ara ẹni ní ìlọ́po mẹ́rin sí méjìlá ju àwọn tí ìkankan kò bá.

*Bí ti àkọ́kọ́ ṣe parí.* Breslau àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé àwọn ọ̀dọ́ kan ní Michigan fún ọdún mẹ́wàá, èsì rẹ̀ sì jáde ní 2008. Àwọn tí àjálù àkọ́kọ́ fún ní PTSD ni àjálù tuntun tètè ń dá dùbúlẹ̀. Àwọn tó rí àjálù àkọ́kọ́ tí kò sì sọ wọ́n di aláìsàn, ewu tiwọn kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i. Èyí jẹ́ ìdí pàtàkì láti tètè tọ́jú ti àkọ́kọ́ kí òmíràn tó dé.

*Àwọn ènìyàn ẹni.* Ìwádìí lóríṣiríṣi fi hàn pé ẹni tí kò rẹ́ni fara tì lẹ́yìn àjálù wà nínú ewu ju ẹni tí ará, ọ̀rẹ́ àti ojúlùmọ̀ yí ká lọ.

*Ìbéèrè fún ìjíròrò:* Kí ló lè fà á tí èsì Michigan kò fi rí bákan náà pẹ̀lú ti West Nile? Olùkọ́ tọ́ wọn sọ́nà láti ronú nípa iye àjálù ní ibi méjèèjì, àti nípa ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìlú tí àlàáfíà wà àti ìlú ogun.

Ìgbésẹ̀ 8: Ìrànlọ́wọ́ àti ìtọ́jú

*Ní ọjọ́ àkọ́kọ́.* Ìtọ́sọ́nà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2011 lórí ìrànlọ́wọ́ àkọ́kọ́ fún ọkàn ní ìgbésẹ̀ mẹ́ta: wo ohun tí ẹni náà nílò, tẹ́tí sí i, so ó pọ̀ mọ́ àwọn tó lè ràn án lọ́wọ́. Omi, aṣọ, ibi ààbò, àti fóònù tí yóò fi pe ará ilé rẹ̀ ló ṣáájú. Má ṣe fipá mú un kó ròyìn ohun tó rí. Má sì ṣe sọ fún un pé “gbàgbé ẹ̀, ó ti kọjá.” Kò tíì kọjá fún un.

*Bí ó bá ti di àìsàn.* Oríṣi ìtọ́jú àsọyé kan wà tí àwọn onímọ̀ Konstanz náà gbé kalẹ̀. Olùtọ́jú àti aláìsàn á na okùn kan sílẹ̀. Okùn náà ni ayé aláìsàn láti ìgbà tí wọ́n bí i. Òdòdó dúró fún ohun ayọ̀, òkúta dúró fún àjálù. Wọ́n kì í na okùn náà tán, nítorí ọjọ́ iwájú ṣì wà nínú apá tó ká jọ. Lẹ́yìn náà, wọ́n á máa sọ ìtàn ayé rẹ̀ ní tẹ̀léǹtẹ̀lé. Bí wọ́n bá dé ìdí òkúta kan, wọ́n á rọra rìn: kí lo rí? Òórùn wo lo gbọ́? Kí ni ara rẹ ń ṣe nígbà náà? Kí ló ń ṣe nísinsìnyí? Wọn kì í dá ọ̀rọ̀ dúró títí ìbẹ̀rù yóò fi rọlẹ̀. Olùtọ́jú á kọ ìtàn náà sílẹ̀, á kà á sí aláìsàn létí nígbà tí wọ́n bá tún pàdé, á sì fi lé e lọ́wọ́ nígbẹ̀yìn. Bí òkúta kọ̀ọ̀kan ṣe ń gba ọjọ́ àti ibi tirẹ̀ ni wọ́n ń tú kúrò lára ara wọn.

Wọ́n dán èyí wò láàárín àwọn ará Sudan 43 ní Imvepi, wọ́n sì gbé èsì jáde ní 2004. Ìjókòó mẹ́rin péré ni wọ́n ṣe. Lẹ́yìn ọdún kan, 29 nínú 100 lára àwọn tó gba ìtọ́jú yìí ló ṣì ní PTSD. Nínú àwọn tí wọ́n kàn gbà nímọ̀ràn tàbí tí wọ́n kàn là lọ́yẹ̀ nípa àìsàn náà, nǹkan bí 80 nínú 100 ni. Nígbà tó yá, ní Nakivale, wọ́n kọ́ àwọn tí ogun lé wá fúnra wọn ní ọ̀nà yìí, wọ́n sì fi tọ́jú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn láti Rwanda àti Somalia pẹ̀lú àṣeyọrí.

Àwọn ìtọ́jú àsọyé mìíràn wà, irú èyí tí Edna Foa àti Patricia Resick gbé kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Dókítà lè kọ oògùn bíi sertraline pẹ̀lú. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá oògùn oorun rà lẹ́nu kémíìsì.

*Ibi tí a lè lọ.* Ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ wà ní UCH Ìbàdàn. Ilé-ìwòsàn ìjọba fún àìsàn ọpọlọ wà ní Arò, Abẹ́òkúta, àti ní Yaba, Èkó. Ní oṣù Kìíní 2023, Ààrẹ Buhari buwọ́ lu òfin ìlera ọpọlọ tó rọ́pò òfin àtijọ́ tó ń pe aláìsàn ní wèrè.

Iṣẹ́ ṣíṣe nínú kíláàsì

Olùkọ́ na okùn sílẹ̀ láàárín kíláàsì, ó sì ka ìtàn àròsọ yìí: Awakọ̀ kan pàdánù ìyá rẹ̀ ní ọmọ ọdún mẹ́jọ nínú jàǹbá tó ṣojú rẹ̀. Ó kọ́ iṣẹ́, ó gba òmìnira. Àwọn adigunjalè dá a lọ́nà, wọ́n lù ú. Ó gbéyàwó, ó bí ìbejì. Ní oṣù tó kọjá, ẹnìkan kàn fi mọ́tò gbá a lẹ́yìn díẹ̀, kò ṣèṣe. Láti ìgbà náà, kò lè wakọ̀ mọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á wá gbé òkúta àti òdòdó sórí okùn náà. Olùkọ́ béèrè: bí dókítà bá béèrè nípa oṣù tó kọjá nìkan, òkúta mélòó ni kò ní rí?

Àkótán

Àjálù wọ́pọ̀, PTSD kò wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Bí oríṣi àjálù tí ẹnì kan rí láti kékeré bá ṣe pọ̀ tó ni ewu rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó, nítorí pé ìrántí wọn ń so mọ́ ara wọn nínú ọpọlọ. Ẹni tó fẹ́ ran irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ béèrè nípa gbogbo ayé rẹ̀, kì í ṣe ohun tó ṣẹlẹ̀ kẹ́yìn nìkan. Bó ti wù kí òkìtì náà pọ̀ tó, ìtọ́jú wà.

Ìgbéléwọ̀n

1. Dárúkọ ọ̀nà mẹ́rin tí àjálù lè gbà kan ènìyàn.
2. Ọ̀wọ́ àmì mẹ́rin wo ni a fi ń dá PTSD mọ̀? Oṣù mélòó ló gbọ́dọ̀ kọjá?
3. Kí nìdí tí àwọn olùwádìí ní West Nile fi ka irú àjálù dípò iye ìgbà?
4. Fi èsì ìlà kejì orí pátákó dá ẹni tó ní “ojo lásán ni wọ́n” lóhùn.
5. Dárúkọ ohun méjì tí kò yẹ kí a sọ tàbí kí a ṣe fún ẹni tí àjálù ṣẹ̀ṣẹ̀ bá.

Iṣẹ́ àṣetiléwá

Kọ lẹ́tà ojú ìwé kan sí ìyàwó awakọ̀ inú ìtàn náà. Ṣàlàyé fún un, láìlo ọ̀rọ̀ dókítà kankan, ìdí tí gbígbá díẹ̀ báyìí fi dá ọkùnrin náà jókòó sílé, àti ibi tó lè mú un lọ.